Ọkọ̀ kan tó máa bá yín ṣe gbogbo iṣẹ́: bẹ́ẹ ṣe máa yan ọkọ̀ nínú Elite Dangerous tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá ṣeré

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ra Python, ọkọ̀ òfuurufú kan nínú géèmù Elite Dangerous, gbogbo owó tí mo ní pátá ni mo kó lé e lórí, èyí tó ṣẹ́ kù mo tún fi ra ẹrù kún inú ẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ń lọ sí bíi mílíọ̀nù 57 kírẹ́díìtì, ìyẹn láì tíì tún nǹkan kan ṣe lára ẹ̀ o. Mi ò tíì rìn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí adigunjalè kan fi fà mí bọ́ lójú ọ̀nà, shield, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo ara ọkọ̀, tó bá a wá láti ibi tí mo ti rà á ò pẹ́ kó tó já, ọkọ̀ fọ́, ẹrù lọ, ìnsọ́ráǹsì ní kí n mú owó tó ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta wá kí n tó lè gba ọkọ̀ padà, owó ò sì sí lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe padà sínú Sidewinder nìyẹn, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wọgbó lálẹ́ ọjọ́ kan.

Python ò ṣẹ̀ mí, ọkọ̀ gidi ni, mo ṣì máa dárúkọ ẹ̀ nísàlẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni pé orúkọ ọkọ̀ ni mo rà, mi ò bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe àti pé tó bá bà jẹ́ ńkọ́. Fún àwa tá a máa ń dá ṣeré, ọkọ̀ tó dáa kì í ṣe èyí tó wọ́n jù tàbí èyí tó tóbi jù. Èyí tó ní àyè nínú tá a lè tò bó ṣe wù wá, tó lè balẹ̀ síbi púpọ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń sá, tí owó tá a máa fi rà á padà ò sì ní já wa sí òfo, òun ni. Bẹ́ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹni tí ò bá mọ géèmù yìí rí: Frontier Developments ló gbé e jáde lọ́dún 2014, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa yìí gan-an, Milky Way, ni wọ́n kọ́ sínú ẹ̀ bó ṣe tóbi tó, bíi bílíọ̀nù 400 sístẹ́ẹ̀mù ìràwọ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ máa rí Open, Private Group àti Solo. Nínú Solo ẹ ò ní pàdé èèyàn kankan, àwọn tí kọ̀ǹpútà ń darí nìkan lẹ máa rí, ṣùgbọ́n ẹ ṣì nílò íntánẹ́ẹ̀tì torí ọjà àti ìṣèlú inú ẹ̀, gbogbo wa la jọ ń lò ó. Awakọ̀ kan náà lẹ̀ ń lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó kan náà, ọkọ̀ kan náà. Ohun tí Solo túmọ̀ sí fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni pé tí nǹkan bá dé, kò sẹ́ni tó máa dúró sẹ́yìn yín, gbogbo ohun tẹ́ẹ bá nílò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn kẹ́ẹ tó kúrò ní stéṣọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ẹ ń ṣe gan-an

Ẹ mú bébà, tàbí kẹ́ẹ ṣí ibi tẹ́ẹ ń kọ nǹkan sí lórí fóònù, ẹ kọ ohun tẹ́ẹ ti ń ṣe nínú géèmù láti bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, kì í ṣe ohun tẹ́ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú o, ohun tẹ́ẹ ṣe. Ẹni tó ń gbé ẹrù lójoojúmọ́ tó wá ń fojú inú wo ara ẹ̀ bíi jagunjagun, á lọ ra ọkọ̀ ogun tí ò ní àyè ẹrù, kò ní pẹ́ sú u. Nígbà tí èmi kọ tèmi sílẹ̀, ẹnu yà mí. Mo ti ń pe ara mi ní oníṣòwò tipẹ́, àmọ́ ó tó ìdajì àsìkò mi tí mo fi ń balẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì, tí mò ń wa SRV kiri, mọ́tò kékeré tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn.

Iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ fún ẹni tó ń dá ṣeré ò ju márùn-ún lọ: ẹrù gbígbé, ìrìn àjò lọ síbi tó jìn láti yẹ ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì wò, kùsà wíwà lára àwọn òkúta tó ń léfòó, ìjà pẹ̀lú ọ̀daràn tí wọ́n fowó lé lórí, àti ìrìn ẹsẹ̀ lórí pílánẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ bá ní Odyssey, àfikún géèmù yìí tó jáde ní 2021. Ẹ tò wọ́n bẹ́ẹ ṣe fẹ́ràn wọn sí. Méjì tó bá wà lókè, ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n ṣe dáadáa, ẹ̀kẹta kó mọ̀ ọ́n ṣe níwọ̀nba, ìyókù ẹ jẹ́ kó lọ ná. Kò sí ọkọ̀ tó mọ gbogbo ẹ̀ ṣe dé góńgó, èyí tó mọ púpọ̀ ṣe dé ibi tó tẹ́ yín lọ́rùn lẹ̀ ń wá.

Páàdì

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀ àmọ́ ó ti já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Páàdì ìbalẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: kékeré, àárín, ńlá. Àwọn stéṣọ̀n ràbàtà bíi Coriolis, Orbis àti Ocellus ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní outpost ò ní ńlá rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì pọ̀ lọ jàra, àwọn iṣẹ́ tó ń sanwó gidi sì máa ń ní kẹ́ẹ lọ síbẹ̀. Tẹ́ẹ bá gbé Anaconda, ọkọ̀ tó ń lo páàdì ńlá, dé iwájú outpost, ẹ máa béèrè àyè, wọ́n á kọ̀, ẹ̀ẹ́ wá yí padà pẹ̀lú gbogbo ẹrù tẹ́ẹ gbé bọ̀ látọ̀nà jíjìn. Lórí pílánẹ́ẹ̀tì náà, ibùdó kan wà tó jẹ́ páàdì kékeré nìkan ló ní. Torí náà fún ọkọ̀ kan ṣoṣo tó máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹ má kọjá páàdì àárín. Mi ò rí ìdí kankan tó lè mú mi yí ọ̀rọ̀ yìí padà títí dòní.

Àyè inú ọkọ̀ lẹ̀ ń rà

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí kò ṣeé yọ: power plant tó ń pèsè iná, ẹ́ńjìnì, Frame Shift Drive tó ń gbé yín fò láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn, èyí tó ń fún yín ní afẹ́fẹ́, power distributor tó ń pín iná, sensọ̀, àti tánkì epo. Ẹ lè pààrọ̀ wọn sí èyí tó dáa jù, ẹ ò lè fi àyè wọn ṣe nǹkan mìíì. Àwọn tó kù jẹ́ àyè òfìfo tí wọ́n fi nọ́ńbà sí, bẹ̀rẹ̀ láti 1 lọ sókè, ohun tó bá wù yín lẹ lè kó síbẹ̀. Àwọn àyè yìí ló ń sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ ẹrù lónìí, ọkọ̀ ìwádìí lọ́la.

Ẹ wo bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí. Àyè sáìsì 4 ń gba ẹrù tọ́ọ̀nù 16, sáìsì 5 ń gba 32, sáìsì 6 ń gba 64. Ìlọ́po méjì ni nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé àyè sáìsì 6 kan ṣoṣo tó sáìsì 4 mẹ́rin. Ẹ má wá máa ka iye àyè lásán, ọkọ̀ tó ní àyè mẹ́jọ kéékèèké lè má tó ọkọ̀ tó ní mẹ́ta ńlá fún ẹni tó ń gbé ẹrù. Fún ẹni tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ náà sì rèé, àwọn kéékèèké yẹn wúlò púpọ̀, torí ohun tí wọ́n fi ń yẹ ojú pílánẹ́ẹ̀tì wò, Detailed Surface Scanner, sáìsì 1 péré ni, ilé SRV sì lè wọ sáìsì 2. Tẹ́ẹ bá kó nǹkan kékeré sínú àyè ńlá, ẹ ti fi àyè ṣòfò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi Cobra MkIII ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ kékeré tí owó ẹ̀ ò tó 400,000. Ó ní àyè sáìsì 4 mẹ́ta àti sáìsì 2 mẹ́ta. Shield wọ 4 àkọ́kọ́, fuel scoop tí wọ́n fi ń bu epo wọ ìkejì, ẹrù tọ́ọ̀nù 16 wọ ìkẹta. Nínú àwọn 2, ẹ gbé SRV sí ọ̀kan, scanner sí ọ̀kan, ẹrù tọ́ọ̀nù 4 sí ìkẹta. Ẹ wò ó, ọkọ̀ kékeré yìí ti lè gbé tọ́ọ̀nù 20, ó lè bu epo fúnra ẹ̀, ó lè balẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì kẹ́ẹ sì wa mọ́tò jáde, ó lè yẹ ìràwọ̀ wò kó sì gbowó ẹ̀, ìbọn mẹ́rin tún wà lójú ẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ọkọ̀ tó mọ gbogbo iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Python: sáìsì 6 mẹ́ta, 5 méjì, 4 kan, 3 méjì, ká má tíì dárúkọ àwọn wẹ́wẹ́. Shield gba 6 kan, ẹrù gba 6 méjì tó kù, tọ́ọ̀nù 128 nìyẹn, fuel scoop bọ́ sí 5, nǹkan mìíì tún wà fún 5 kejì tí mo máa sọ tó bá yá, SRV méjì wọ 4, àwọn tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì kéékèèké tó ń ṣa kùsà wọ àwọn 3. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú Cobra, ó kàn fẹ̀ sí i ni.

Nǹkan méjì tí mi ò ní gbà kẹ́ẹ yọ láéláé tẹ́ẹ bá ń dá rìn: shield àti fuel scoop. Fuel scoop ló ń bu epo lára ìràwọ̀, ìràwọ̀ O, B, A, F, G, K àti M nìkan ló sì ṣeé bu, ìyókù ò lépo tẹ́ẹ lè rí bù. Ẹ tún máàpù yín ṣe kó máa gbà yín gba ọ̀dọ̀ irú àwọn ìràwọ̀ yẹn. Tí epo bá tán, àwọn òṣèré kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Fuel Rats, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé epo wá bá èèyàn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, àmọ́ tẹ́ẹ bá wà nínú Solo wọn ò lè rí yín, ẹ máa ní láti jáde kẹ́ẹ wọlé síbi tí wọ́n ti lè pàdé yín.

Ẹni tí ò bá tíì bu epo rí máa ń bẹ̀rù ẹ̀. Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: tẹ́ẹ bá ti fò dé, ìràwọ̀ á kún ojú gíláàsì yín pátá, ẹ dín ìyára kù, ẹ yí imú ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má kọjú sí i tààrà, kẹ́ẹ máa rọra gba etí ẹ̀ kọjá bí ẹni ń yípo ilé. Ẹ máa rí i tí nọ́ńbà ìwọ̀n epo tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Ojú yín kó wà lára ìwọ̀n ooru. Tó bá ti ń sún mọ́ 70, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ máa dúró sí, epo á máa wọlé, ooru ò sì ní kọjá ibẹ̀. Fuel scoop tó tóbi máa ń kún tánkì kíákíá, èyí tó kéré á dá yín dúró lára ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni yín. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń fún un ní àyè tó tóbi, àyè ẹrù ni mo máa ń dín.

Ọ̀rọ̀ ìbọn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Lésà ń jẹ shield, multi-cannon ń jẹ ara ọkọ̀, torí náà ẹ da méjèèjì pọ̀, kẹ́ẹ sì mú irú èyí tí wọ́n ń pè ní gimballed tó ń fúnra ẹ̀ tọ ọ̀tá díẹ̀, kò ní jẹ́ kó nira fún yín.

Bó ṣe ń fò, bó ṣe ń sá

Gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ ló ní lẹ́tà láti E dé A. A ló dáa jù lẹ́nu iṣẹ́, E ló pọ̀ jù nínú èyí tó máa ń bá ọkọ̀ wá. Ibi tí ó ti ń rú èèyàn lójú ni D: D ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo wọn, nígbà tí B máa ń wúwo. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ló ń fò jìnnà. Torí náà fún ẹni tó ń rìn púpọ̀, Frame Shift Drive kó jẹ́ A lọ́jọ́ tẹ́ẹ ra ọkọ̀ náà, kẹ́ẹ tiẹ̀ tó ra ìbọn. Èyí tó ń pèsè afẹ́fẹ́ àti sensọ̀ kó jẹ́ D. Ẹ́ńjìnì, tẹ́ẹ bá máa jà kó jẹ́ A, tó bá jẹ́ ìrìn nìkan D ti tó. Power plant, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó gbé gbogbo ohun tẹ́ẹ kó sínú ọkọ̀, tí iná bá kù díẹ̀ káàtó ẹ lè fi nọ́ńbà ìpò sí wọn kó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá yọ ìbọn, àwọn tẹ́ẹ ò nílò lójú ìjà á kú fúnra wọn. Fuel scoop ò wúlò lójú ìjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ẹrù.

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọkọ̀ kan ń fò báyìí báyìí ọdún ìmọ́lẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ṣé nígbà tó ṣófo ni àbí nígbà tó kún. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀, èyí tó kún ni kẹ́ẹ fi ṣèṣirò.

Àṣírí kan wà níbí tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mú lọ. Diamondback Explorer, Asp Explorer, Krait MkII, Krait Phantom àti Python, Frame Shift Drive sáìsì 5 ni gbogbo wọn ń lò. Ìyẹn ni pé tẹ́ẹ bá lo àsìkò láti gbé drive yín lọ sọ́dọ̀ Felicity Farseer, ọ̀kan nínú àwọn engineer tó ń tún nǹkan inú ọkọ̀ ṣe, ní sístẹ́ẹ̀mù Deciat kó bá yín tún un ṣe kó lè máa fò jìnnà sí i, iṣẹ́ yẹn ò ní ṣòfò lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá yí ọkọ̀, ẹ kàn máa tú u, ẹ tọ́jú ẹ̀ sí stéṣọ̀n, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tuntun. Àyè sáìsì 5 tí mo ní kẹ́ẹ fi sílẹ̀ nínú Python lẹ́ẹ̀kan, Guardian FSD Booster ló máa wọ ibẹ̀, sáìsì 5 ẹ̀ ń fi ọdún ìmọ́lẹ̀ 10.5 kún ibi tẹ́ẹ lè fò dé. Wíwá a ń gba àsìkò, ẹ máa lọ ṣa nǹkan níbi àwókù àwọn Guardian, ẹ̀dá àtijọ́ kan tó ti parun nínú géèmù náà, àmọ́ ẹ ò ní kábàámọ̀.

Ọ̀rọ̀ sísá wá kù. Adigunjalè máa ń mú èèyàn lójú ọ̀nà nígbà tẹ́ẹ bá wà nínú supercruise, ìyẹn eré àsápajúdé tẹ́ẹ fi ń rìn láàárín sístẹ́ẹ̀mù kan, ojú á pọ́n, àmì kan á máa yí kiri tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ máa lé. Ẹ̀yin tẹ́ẹ kó ẹrù, ẹ má bá a fa ìfà yẹn. Ẹ fa ìyára wálẹ̀ sí òdo kẹ́ẹ jọ̀wọ́ ara yín. Ìdí ni pé tẹ́ẹ bá jà tẹ́ẹ sì pàdánù, ọkọ̀ á fara gbọgbẹ́, drive yín á sì gba àsìkò gígùn kó tó lè ṣiṣẹ́ padà, àmọ́ tẹ́ẹ bá jọ̀wọ́ ara yín àsìkò yẹn kúrú. Bẹ́ẹ bá ti bọ́ síta, ẹ tẹ boost, ẹ kó iná sí ẹ́ńjìnì àti shield, ẹ yan sístẹ́ẹ̀mù mìíì lórí máàpù, ẹ fò lọ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, sístẹ́ẹ̀mù mìíì ni mo wí, kì í ṣe kẹ́ẹ padà sí supercruise níbẹ̀, torí ọkọ̀ ńlá tó bá wà nítòsí máa ń dí drive yín lọ́wọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ wọ supercruise, tẹ́ẹ bá ń fò lọ sí ìràwọ̀ mìíì kò lè dí i. Lálẹ́ tí Python mi fọ́, mi ò mọ èyí. Inú ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mò ń tẹ bọ́tìnì supercruise léraléra, ọkọ̀ ẹni yẹn sì wà lẹ́yìn mi gbágbá.

Owó ríra padà

Tí ọkọ̀ bá fọ́, 5% iye owó ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo nǹkan tẹ́ẹ kó sínú ẹ̀ lẹ máa san kẹ́ẹ tó gbà á padà bó ṣe wà. Asp Explorer tó jẹ́ bíi mílíọ̀nù 6.6, ẹ máa san bíi 330,000. Python tẹ́ẹ ti tún ṣe títí tó fi wọ mílíọ̀nù 100, mílíọ̀nù márùn-ún. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi láti ọjọ́ yẹn ni pé mi ò ní jáde ní stéṣọ̀n láìjẹ́ pé owó ríra padà lẹ́ẹ̀mejì wà nílẹ̀, pẹ̀lú owó ẹrù tí mo gbé, torí ìnsọ́ráǹsì ò mọ nǹkan kan nípa ẹrù. Kò tún mọ̀ nípa ìwádìí. Gbogbo ohun tẹ́ẹ bá yẹ̀ wò lórí ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ẹ ò bá tíì tà á fún Universal Cartographics tí ọkọ̀ fi fọ́, ó lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ iṣẹ́ oṣù méjì. Èyí ló ń dùn wá jù nínú géèmù yìí, torí kò sówó tó lè rà á padà.

Torí náà tẹ́ẹ bá ń wo owó ọkọ̀ kan, ẹ má wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan. Ẹ ṣírò iye tẹ́ẹ máa fi tún un ṣe, ó lè tó owó ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀, ẹ fi owó ríra padà méjì lé e. Tówó yín ò bá tíì tó iye yẹn, ẹ dúró sínú èyí tẹ́ẹ ní.

Àwọn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún

Cobra MkIII ni màá kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú Sidewinder. Ọkọ̀ yìí ti wà láti inú Elite àkọ́kọ́ tó jáde ní 1984, òun ni wọ́n ń fún èèyàn wà nígbà yẹn, kò sì tíì tán lórí ilẹ̀. Ó yára, páàdì kékeré gbà á, kò jẹ owó. Àléébù ẹ̀ ni pé kì í fò jìnnà.

Tó bá jẹ́ pé ìrìn ló wà lókè nínú ohun tẹ́ẹ kọ sílẹ̀, Diamondback Explorer kò tó mílíọ̀nù méjì, páàdì kékeré ló ń lò, ara ẹ̀ tutù, ẹ máa gbádùn ẹ̀ tẹ́ẹ bá ń bu epo. Àyè inú ẹ̀ ló kéré. Asp Explorer fẹ̀ jù ú lọ, ó ní sáìsì 6 kan àti 5 kan, tẹ́ẹ bá tò ó dáadáa á fò ju ọdún ìmọ́lẹ̀ 30 lọ láìtíì dé ọ̀dọ̀ engineer kankan. Gíláàsì iwájú ẹ̀ wá fẹ̀ débi pé tẹ́ẹ bá ń balẹ̀ ẹ̀ẹ́ rí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ní ìjà kò dáa, ẹ má fi tan ara yín, ẹ máa sá ni.

Láàárín Krait MkII àti Python lọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná. Ìbọn wọn dọ́gba, ńlá mẹ́ta, àárín méjì, páàdì àárín ni wọ́n ń lò. Python gba ẹrù jù, sáìsì 6 mẹ́ta ló ní, Krait ní méjì. Krait wá yára jù, ó ń fò jìnnà jù, owó ẹ̀ sì dín, bíi mílíọ̀nù 45, ó tún lè gbé ọkọ̀ ogun kékeré kan sínú tí òṣìṣẹ́ tẹ́ẹ gbà á máa wà nígbà tẹ́ẹ bá ń jà. Ẹ rántí pé òṣìṣẹ́ yẹn ń pín nínú owó tó ń wọlé bí kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ẹrù àti kùsà ló wà lókè fún yín, Python. Tó bá jẹ́ ìjà àti ìrìn, Krait. Èmi, Krait MkII ni mò ń wà báyìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè jí lówùúrọ̀ kí n wọ inú ẹ̀ láìtíì pinnu ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ẹni tí ìjà ò wọ̀ lọ́kàn rárá, Krait Phantom fúyẹ́ jù ú, ó sì ń fò jìnnà jù ú.

Àwọn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti 2024 náà wà. Mandalay dáa púpọ̀ fún ìrìn, páàdì àárín ló ń lò, wọ́n sì dìídì ṣe é fún drive SCO tó ń sáré bí iná nínú supercruise, ẹ lè gbé drive yẹn sínú ọkọ̀ àtijọ́ náà, àmọ́ á máa gbọ̀n, á máa gbóná, á sì máa mu epo. Python Mk II, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, ọkọ̀ ìjà ni, kò ní àyè bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí irú ọkọ̀ tuntun bẹ́ẹ̀ bá jáde, ARX, owó inú géèmù tẹ́ẹ lè fi ojúlówó owó rà, ni wọ́n á kọ́kọ́ máa gbà fún un, lẹ́yìn oṣù mélòó kan á di èyí tẹ́ẹ lè fi kírẹ́díìtì rà. Ẹ ní sùúrù.

Kẹ́ẹ tó sanwó

Ẹ lọ sórí EDSY tàbí Coriolis, àwọn ibi tẹ́ẹ ti lè to ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìná owó kankan. Ẹ to ọkọ̀ tó wà lọ́kàn yín pẹ̀lú gbogbo ohun tẹ́ẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀, kẹ́ẹ wo nǹkan mẹ́rin: iye tó máa jẹ́ lápapọ̀, owó ríra padà, bó ṣe máa fò tó bá kún, àti bóyá iná ẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ọkọ̀ tẹ́ẹ ń lé ò ní àyè fún nǹkan kan tẹ́ẹ ò lè ṣe láìní. Lẹ́yìn náà ẹ wá a lórí Inara, ìkànnì tó ń sọ ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan, torí kì í ṣe gbogbo stéṣọ̀n ló ń ta gbogbo ọkọ̀, ibi tẹ́ẹ bá rí tó ń tà á, ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ń ta àwọn nǹkan A níbẹ̀, kẹ́ẹ má baà máa wa ọkọ̀ lásán kiri.

Ẹ má ta ọkọ̀ àtijọ́ tówó yín bá ká a. Ẹ fi sílẹ̀ ní stéṣọ̀n tẹ́ẹ fẹ́ràn. Tẹ́ẹ bá sì gbọ́dọ̀ tà á, ẹ tú gbogbo ohun tó dáa nínú ẹ̀ tọ́jú kẹ́ẹ tó tà á, pàápàá drive yẹn.

Tẹ́ẹ bá ti rà á tẹ́ẹ tò ó tán, ẹ má gbé ẹrù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi òfìfo fò lọ sí sístẹ́ẹ̀mù mẹ́ta, ẹ bu epo lára ìràwọ̀ kan kẹ́ẹ mọ ibi tí ooru ẹ̀ ti máa ń gòkè, ẹ balẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì kan, ẹ wa SRV jáde, ẹ gbé e wọlé padà. Ẹ yọ ìbọn, kẹ́ẹ wò ó bóyá nǹkan kan kú tí kò yẹ kó kú. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí pánẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ọ̀tún, owó tẹ́ẹ ní àti owó ríra padà wà níbẹ̀, ẹ fi wọ́n wéra. Tówó yín bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ béèrè àyè ìbalẹ̀ ní stéṣọ̀n tó bá sún mọ́ yín, kẹ́ẹ lọ gba iṣẹ́ àkọ́kọ́.